Kí lẹ rà sílé tí ẹ kò kábàámọ̀? Ẹ gba ìyàwó tuntun ní Àkúrẹ́ nímọ̀ràn

Ìyàwó Òkè-Àró (8:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Láti Ìbàdàn la ti kó wá sí Òkè Àró nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi wá síbí, oṣù kẹrin rèé. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ohun tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ohun tó kù lọ. Ìkòkò dúdú tí wọ́n ní oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ti ń bó nínú, mo rí ẹ̀rún dúdú lára ẹyin tí mo dín. Bílẹ́ńdà rú èéfín níbi tí mo ti ń lọ ata. Láǹpù tí a ń cháàjì kì í tàn tó ogún ìṣẹ́jú mọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni aṣọ funfun. Omi kànga là ń lò. Gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ti di àwọ̀ tíì. Mo da bílíìṣì sí i, ńṣe ló tún burú sí i. Ibi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Ọkọ mi ní ọjà "rà á lónìí, tún un rà lọ́la" ni mo máa ń rà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò parọ́. Oyún mi ti wọ oṣù keje, mo fẹ́ to ilé dáadáa kí àlejò wa tó dé. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni n óò máa rà á. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yín, èwo lẹ lè ní kí àbúrò yín lọ rà láìfòyà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Táyọ̀ Ọmọ FUTA (8:20 alẹ́)

Ọlọ. Ọlọ kì í rú èéfín.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀ (8:41 alẹ́)

Táyọ̀, ṣé ìwọ lo máa wá bá a kúnlẹ̀ ti ọlọ pẹ̀lú oyún oṣù méje?

Ìyàwó wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Má bínú sí ìkòkò yẹn jù. Èmi náà ba méjì jẹ́ kí n tó gbọ́n. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ síbí irin, kò fẹ́ kànrìnkàn onírin, kò sì fẹ́ kí a gbé e kaná lófìfo kó gbóná kí a tó rántí pé a kò tíì da òróró sí i. Ìgbakọ onígi àti fóòmù rírọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí àbúrò ọkọ ń bá fọ abọ́ kò gbọdọ̀ rà á rárá, torí o ò lè máa dúró ti ẹni tó ń fọ ìkòkò. Èyí tó ti bó yẹn, jù ú sọnù.

Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ ni ìkòkò tó nípọn nídìí, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń dà lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ra tèmi ní Ọjà Ọba. Ó ti se ẹ̀wà, ó ti se ìrẹsì ìkómọ, ó ti já lulẹ̀ láti orí tábìlì, ó kàn fọ́ táìlì ni.

Ìkejì ni fìláàsìkì. O ò ní mọ ìwúlò rẹ̀ títí ọmọ yóò fi máa ké láago méjì òru tí iná kò sí. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irin ni kí o rà, má ra onígíláàsì. Onígíláàsì ń mú ooru dúró dáadáa, mi ò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá kọ lù ú ló tán. Kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣan inú rẹ̀, dà á nù, kí o tó wá rọ èyí tí o fẹ́ fi pamọ́. Wàá rí i pé ó máa gbóná di àárọ̀.

Ọmọ Ẹkímọgún (9:05 alẹ́)

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń wá kiri wà ní Oǹdó. Ọṣẹ dúdú! Ẹnu mi ò ní gbà á kí n má sọ ọ́.

Ọwọ́ ìyá mi àgbà ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a sá èèpo kòkó títí yóò fi gbẹ, wọn a sun ún di eérú, wọn a da omi sí eérú náà lórí ajere kó máa sẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi tó bá sẹ́ yẹn ni wọ́n ń gbé kaná pẹ̀lú àdín, wọn a máa rò ó, apá á máa ro wọ́n, títí yóò fi ki. Kò sí ohun tí ẹnì kan lọ rà ní ilé kẹ́míkà nínú rẹ̀. Kòkó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èèpo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣòfò nínú oko.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ lọ́jà o. Ọṣẹ dúdú gidi kì í dúdú bí èédú, ó máa ń pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀ oko tòjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Kì í rí gbọnrangandan, ó máa ń rọ̀ ni. Èyí tó bá dúdú kirikiri tó tún ń ta sánsán bí lọ́fínńdà, wọ́n ti fi nǹkan kùn ún. Tẹ́ ẹ bá gé e sílẹ̀ láìbò, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́, á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ máa gé ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lò.

Mo fi ń wẹ̀, mo fi ń fọ abọ́, mo fi ń fọṣọ. Ìyàwó Òkè-Àró, ẹ fi fọ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ óò padà wá dúpẹ́.

Agbẹ́kànga Ọ̀bá-Ilé (9:32 alẹ́)

Ọmọ Ẹkímọgún, mo júbà ọṣẹ yín. Èmi náà fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, ẹ kò tíì débẹ̀. Omi ló wà nídìí rẹ̀.

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gbẹ́ kànga káàkiri ìlú yìí. Àpáta ló wà lábẹ́ wa níbí, ibi tí ẹ bá gbẹ́ sí ló máa sọ irú omi tí ẹ óò mu. Àwọn kànga kan ní irin nínú. Irin yẹn yòrò sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yòrò, ojú kò lè rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló ń di ìpẹtà. Bílíìṣì ń ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe, àmọ́ kíákíá ló ń ṣe tirẹ̀. Ohun tí ì bá gba ọjọ́ kan, lójú ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ìpẹtà, á sì rì í mọ́nú òwú aṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi burú sí i. Ọṣẹ dúdú kò lè mú un kúrò, torí omi eérú ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan kíkan ló ń mú ìpẹtà.

Ìyàwó wa, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Lọ́la, ẹ fa omi sínú báàfù funfun, kí ẹ wò ó lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti pọ́n látinú kànga, tí ìdọ̀tí sì ń lọ sílẹ̀, amọ̀ ni. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ á mú un tòrò: ẹ fi rò ó, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ rọra bu òkè rẹ̀. Àmọ́ tó bá mọ́ gaara nígbà tí ẹ fà á, tó wá di ọ̀sán tó pọ́n, irin ni. Álọ́ọ̀mù nìkan kò ràn án.

Tó bá jẹ́ irin, ẹ ra dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, èyí tí wọ́n kò fi kó kẹ́míkà rí. Ẹ máa pọn omi sí i ní alẹ́, kí ẹ gbé garawa sókè dáadáa tí ẹ bá ń dà á kó máa hó yàà, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ìpẹtà á ti rì sísàlẹ̀. Ẹ bu òkè rẹ̀ fi fọṣọ, kí ẹ da ìdí rẹ̀ nù. Ẹni tó bá lágbára a máa ṣe asẹ́: garawa tí wọ́n lu nídìí, òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fọ̀ mọ́ lókè rẹ̀.

Ní ti àwọn síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan bílíìṣì kúrò lára wọn pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibi tó pọ́n, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ wá fọ̀ ọ́. Èyí tó ti pẹ́ lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Màmá Ṣadé Ìsìkàn (9:44 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ mo máa ń da bílíìṣì mọ́ ọn nínú abọ́ kan náà kí iṣẹ́ lè yá.

Kí n fi tèmi kún un: sítóòfù oníkẹ̀rẹ̀sí. Kì í bú gbàù, kì í fa wàhálà bíi gáàsì. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń lo tèmi.

Nọ́ọ̀sì Àràrọmí (9:51 alẹ́)

Màmá Ṣadé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é mọ́! Bílíìṣì pẹ̀lú ohunkóhun tó kan, ìbáà jẹ́ ọsàn, fínígà tàbí omi tí wọ́n fi ń fọ ṣàlángá òyìnbó, gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin da bílíìṣì mọ́ omi ìfọ̀ṣàlángá nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ó ní kó lè funfun dáadáa. Ikọ́ ló fi sáré jáde, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀fun rẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹ má sì da bílíìṣì sójú ìtọ̀ tí wọn kò tíì fi omi ṣàn lọ.

Bílíìṣì dára láyè tirẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ máa pò ó mọ́. Èyí tí ẹ pò lónìí, ẹ má fi pamọ́ di ọ̀la, agbára rẹ̀ á ti lọ. Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ìgò, torí èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀ sí omi lásán mọ́.

Màmá Ṣadé Ìsìkàn (9:58 alẹ́)

Háà. Àṣé ìdí nìyẹn tí ihò imú mi fi máa ń ta mí. Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì.

Onígáàsì Ìjòkà (10:15 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Màmá Ṣadé fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin màmá wa, sítóòfù náà ń bú gbàù o, bí wọ́n bá ti fi epo bẹntiróòlù lú kẹ̀rẹ̀sí. Ẹ ò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ má tún gbàgbé èéfín tí aláboyún á máa fà símú.

Ẹ̀rù gáàsì kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ́ lọ. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á. Ẹ má fọwọ́ kan súìṣì rárá. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ jáde. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn burúkú yẹn sí i ni, torí gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan.

Ní ti rírà: ẹni tó ń rà á díẹ̀díẹ̀, sílíńdà 6kg tó fún ẹni méjì. 12.5kg pẹ́ kó tó tán, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a gbé e lọ gbé e bọ̀? Ẹ má ra sílíńdà àlòkù nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Ìwọ̀n sílíńdà lófìfo náà wà lára rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó lọ rọ gáàsì, kí ẹ sì wo òṣùwọ̀n fúnra yín. Ẹni tó bá ń rẹ́ oníbàárà jẹ kì í fẹ́ rí irú yín.

Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣahun ni họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀. Mo ti rí ẹni tó ra sítóòfù gáàsì olówó ńlá, tó wá fi họ́ọ̀sì omi so ó. Họ́ọ̀sì omi! Bí ẹ bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ kó hó, ẹ fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ ṣí gáàsì. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ibi tí ẹ ti lọ rọ gáàsì dé. Bí họ́ọ̀sì bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó Òkè-Àró (7:03 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti fa omi sínú báàfù funfun láago mẹ́fà. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Mo ń dúró.

Dọlápọ̀ Ọ̀wọ̀ (7:40 àárọ̀)

Ìyàwó, ẹ má gbàgbé káńfọ̀ o, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké yẹn. Bí ẹ bá ti fọ aṣọ ọmọ tán, ẹ kó o sínú àpò, ẹ sọ mẹ́ta mẹ́rin sí i. Àyán kò ní débẹ̀, òórùn òjò kò ní mú un. Ní ti ẹ̀wà àti àwọn nǹkan tí kòkòrò ń jẹ, ẹ kán oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí etí àpò rẹ̀. Kò sí èyí tó máa yọjú.

Nọ́ọ̀sì Àràrọmí (7:58 àárọ̀)

Dọlápọ̀, o fẹ́ kí n pẹ́ délé iṣẹ́ lónìí.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀wà. Oògùn yẹn, dichlorvos, májèlé ni. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀ lọ́dún 2019. Kò ní ohun tó ń wá nínú oúnjẹ. Sísè kò sọ ẹ̀wà tó ti mu májèlé di oúnjẹ.

Ó wá ku káńfọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí ohun kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, G6PD la ń pè é. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, ó sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ẹ kò lè fojú dá a mọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tó ti wà pẹ̀lú káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n. Bí wọn kò bá tètè gbé e wá, ó lè dé ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ tí ì bá máa sáré kiri, etí rẹ̀ lè di, ó sì lè má lè fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ìyá á máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, wọ́n á máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Oòrùn kọ́ ni oògùn rẹ̀, gúlúkóòsì kọ́. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Dọlápọ̀ Ọ̀wọ̀ (8:10 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, àmọ́ káńfọ̀ ni màmá wa fi tọ́jú aṣọ gbogbo wa. Àwa méje. Kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àràrọmí (8:16 àárọ̀)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀yin méje kò ní in. Èmi ò mọ ti ọmọ tó wà nínú Ìyàwó Òkè-Àró, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Aṣọ tó bá ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ rí, kó tún un fọ̀, kó sá a sóòrùn dáadáa kó tó wọ̀ ọ́ fọ́mọ.

Ìyàwó wa, tí o bá bi mí ní ohun kan ṣoṣo, àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ni. Bí o bá tú u, kọ́kọ́ na án síbòòji fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kí o tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, má sì sá a sóòrùn. Wọ́n ṣe é kó lè tó ọdún mẹ́ta, kó sì gba ìfọ̀ ogún, nítorí náà má fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí aṣọ ilé ìwé. Mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Dọlápọ̀ Ọ̀wọ̀ (8:19 àárọ̀)

Ó dáa, mo gbà lórí ti ọmọ. Aṣọ òkè tèmi ṣì máa wà pẹ̀lú káńfọ̀ rẹ̀ ṣáá.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀ (8:35 àárọ̀)

Ní ti ẹ̀wà, kó tiẹ̀ da oògùn sí i kò yẹ. Sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dáadáa, rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kún un dẹ́nu, kí o wá dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Má máa ṣí i lójoojúmọ́. Bu èyí tí o máa lò fún ọ̀sẹ̀ méjì sọ́tọ̀.

Wáyà Kò Gbóná (12:22 ọ̀sán)

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní agbègbè Ọjà NEPA. Ẹni tó bá rí orúkọ mi kó má rò pé mo ń fọ́nnu, ìyàwó mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀.

Bílẹ́ńdà tó ń rú èéfín kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Ata gbígbẹ tí omi kò tó ni, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láìsinmi. Àwọn kékeré yẹn, ìṣẹ́jú kan péré ni agbára wọn, kí ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ gé tàtàṣé wẹ́wẹ́, ẹ da omi sí i, ẹ má kún un dẹ́nu. Èyí tó tún ń bà á jẹ́ ni iná tó rọ̀. Bí gílóòbù bá ń pọ́n bí ojú ológbò, ẹ má tan ohunkóhun tó ní mọ́tò nínú, ìbáà jẹ́ fíríìjì tàbí bílẹ́ńdà. Èyí tó ti rú èéfín yẹn, ẹ gbé e wá ká wò ó, nígbà mìíràn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló jẹ tán.

Láǹpù ńkọ́? Ẹ gbé e sókè. Bó bá wúwo ní tìrẹ́ẹ́, bátìrì olójé ló wà nínú rẹ̀, ìbátan bátìrì ọkọ̀. Irú yẹn kò fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun kú tán. Bí ẹ bá lò ó tó kú pátápátá, tí ẹ wá fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan nítorí pé iná kò sí, ẹ ti pa á nìyẹn. Gbàrà tí iná bá dé ni kí ẹ cháàjì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "lithium" sára páálí rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó máa ń pẹ́, owó rẹ̀ ló ga díẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìtì í bọná kí ẹ rí i pé ó ń gbaná.

Ìyàwó Òkè-Àró (1:47 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ará, omi ti pọ́n! Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ mi níbi iṣẹ́. Bàbá agbẹ́kànga, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá ọṣẹ jà.

Ọmọ Ẹkímọgún (2:05 ọ̀sán)

Ó dáa, mo gbà fún bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ wa wẹ̀ o.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì (4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ tako yín lórí ìkòkò yẹn. Àwókù oríṣiríṣi ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ ṣe é: ẹ́ńjìnnì mọ́tò, agolo, fèrèsé, ohun tó bá ṣáà ti yọ́. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òjé lè wà níbẹ̀, òjé kò sì dára fún aláboyún àti ọmọdé, ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà. Ohun kíkan ló ń fà á jáde jù, bí ọbẹ̀ tòmátì, ògì tàbí ọbẹ̀ tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò.

Kì í ṣe pé kí ẹ jù ú sọnù lónìí. Ẹ fi se ẹ̀wà àti iṣu, kí ẹ tètè bu oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀. Fún ọbẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ, ẹ wá ìkòkò tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà, tó ń dán. Ẹyọ kan tó tóbi níwọ̀nba tó.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀ (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Irin tó ń dán yẹn ń jó oúnjẹ nídìí, olùkọ́. Fẹ́ẹ́lẹ́ ni ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì (5:01 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni kó wá. Kó fi ìka gbá a nídìí, èyí tó bá dún bí agogo kò nípọn.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀ (5:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbọ́. N óò lọ gbá tèmi wò. Ṣùgbọ́n mi ò ní jù ú nù o, ó ti di ẹbí.

Ìyàwó Òkè-Àró (ọjọ́ kẹsàn-án, 9:15 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nínú méje ti funfun padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọsàn àti iyọ̀ sí wọn. Àwọn mẹ́ta tó kù ni mo ti kọ́kọ́ da bílíìṣì lé lórí nígbà tí mi ò mọ̀. Wọ́n ti di aṣọ ìnulẹ̀.

Ohun tí mo rà lóṣù yìí: àwọ̀n ẹ̀fọn, họ́ọ̀sì gáàsì tuntun (mo fi ìfófòó wo ti tẹ́lẹ̀, ó ń jò ní ìdí rẹ́gúlétọ̀, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́), àti ọṣẹ dúdú tí ẹnì kan bá mi rà ní Oǹdó. Wáyà Kò Gbóná tún bílẹ́ńdà ṣe, búrọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán lóòótọ́. Ìkòkò àti fìláàsìkì di oṣù tó ń bọ̀. Mo ti kó káńfọ̀ kúrò nínú àpò aṣọ ọmọ, mo tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Dọlápọ̀, ẹ má bínú.

Dúrọ́ọ̀mù ló kù. Èyí tí mo rí lọ́jà, ó ń rùn bí òróró ẹ́ńjìnnì. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí èyí tí wọ́n fi kó oúnjẹ?

Màmá Ṣadé Ìsìkàn (9:40 alẹ́)

Lọ bá àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta òróró ìdíndùn, wọ́n máa ń ta tiwọn nígbà tí wọ́n bá lò ó tán. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ. Kí ọkọ rẹ bá ọ lọ, kí ìwọ má gbé e.

Táyọ̀ Ọmọ FUTA (9:43 alẹ́)

Mo ṣì ní ọlọ fún títà.